Kámẹ́rà Onínú-Kan Tí Mo Lọ Yàn ní Kùmásì Nítorí Táyé

Ẹ̀yin ará ilé, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi. Ẹ ní n kò kọjá Ìlọrin. Ẹ ní ilé ọ̀rẹ́ mi kan nídìí ọjà ibẹ̀ ni mo sá pamọ́ sí, tí mo ń jẹ tùwó, tí mo wá padà dé pẹ̀lú irọ́ àti bàtà tuntun. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó wá sílé mi kí n jẹ́ kó gbóòórùn àpò tí mo gbé lọ. Òórùn ẹja Gánà ṣì wà nínú rẹ̀ títí di bí mo ti ń kọ èyí, ológbò mẹ́ta ló sì ti fi ilé ẹni tó ni wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n wá ń bá wa gbé nítorí rẹ̀.

Mo kàwé díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ìwé kẹrin ni mo wà tí bàbá mi fi ní iṣu ò mọ̀wé, kí n máa bọ̀ lóko. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi nà án. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí, ojú mi ló rí i.

Ọmọ orogún

Bàbá Fọ́tò ni gbogbo yín mọ̀ mí sí. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin mi ti fi kámẹ́rà díjítà ránṣẹ́ sí mi láti Àbújá pé kí n máa fi ṣeré àgbà, kò sí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ ní Òsì, kò sí ìyàwó tí wọ́n gbé láti Kòró dé Ìlọfà, tí n kò yà. Mo sì ń yà wọ́n dáadáa. Ẹni tí imú rẹ̀ bá tóbi, mo mọ bí mo ṣe ń sọ fún un kó yíjú díẹ̀. Àwòrán á yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún yà á.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kámẹ́rà náà kò tẹ́ lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Táyélolú.

Èmi ni Ìdòwú. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe Ìdòwú: èṣù lẹ́yìn ìbejì. Táyé àti Kẹ́hìndé ni ìyá wa kọ́kọ́ bí, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ti padà lọ kí wọ́n tó bí mi. N kò mọ̀ ọ́n. Àwòrán kan tó wà lára ògiri yàrá Táyé ni mo fi mọ̀ ọ́n. Àkànbí onífọ́tò, ọmọ Òsì tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Kùmásì, ló ya àwòrán náà nígbà tí Táyé di ọmọge. Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ìgbà náà nìyí, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ: Táyé jókòó sápá ọ̀tún, wọ́n yà á. Ó dìde, ó pààrọ̀ gèlè, ó lọ jókòó sápá òsì ní orúkọ Kẹ́hìndé, wọ́n tún yà á sórí fíìmù kan náà, ojú kan náà. Nígbà tí àwòrán jáde, àwọn méjì ló jókòó síbẹ̀, èjìká kan èjìká.

Nígbà òjò tó kọjá, ìjì ká òrùlé Táyé, omi wọ inú férémù, àwòrán náà sì funfun bí ẹ̀kọ. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Àwòrán yẹn ló fẹ́ kí wọ́n gbé síwájú pósí òun lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Kò fẹ́ kí wọ́n gbé ti òun nìkan. "Mi ò dá wá," ó wí, "mi ò ní í dá lọ." Ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, èkejì ń tẹ̀ lé e. Bí a bá máa ṣe àwòrán tí yóò fojú ara rẹ̀ rí, kì í ṣe ohun tí a ó máa sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mo ní ṣebí ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Mo yà á lẹ́ẹ̀mejì, mo kó o sínú kọ̀ǹpútà, mo lẹ àwọn méjèèjì pọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi sínú férémù tó ń dán bíi wúrà. Omi tí wọ́n gbé kaná kò tíì hó tí mo fi parí. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó títí.

"Ìdòwú, níbo lo ti rí èkejì yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo lẹ̀ yín mọ́ ara yín."

"O lẹ̀ wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí ẹni ń lẹ táyà."

Ó gbé férémù náà kúrò lójú.

"Ṣé inú kan náà la ti jáde nínú kámẹ́rà rẹ? Àbí o bí èmi lọ́tọ̀, o bí òun lọ́tọ̀, o wá ní ká pàdé lóde?"

"Lọ́tọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìyẹn kì í ṣe ìbejì. Ọmọ orogún nìyẹn."

Ó yí férémù náà dojú kọ ògiri. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ kí i, oúnjẹ ni yóò gbé síwájú mi, kò ní í dárúkọ àwòrán mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Táyé mọ̀ pé bó bá ń bú èèyàn, kò tíì bínú. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí o sá.

Àkànbí ti kú. Kámẹ́rà rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti fi gbá bọ́ọ̀lù. Mo dé Ìlọrin, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní kámẹ́rà onífíìmù ti di ohun tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì fún ẹwà. Mo wá rò ó pé ibi tí odò ti ṣàn wá ni kí èèyàn tọ̀ ọ́ lọ, Kùmásì tí Àkànbí ti kọ́ṣẹ́. Mo di iṣu Òsì sínú àpò, mo gbé kámẹ́rà díjítà mi kọ́rùn, mo lọ dágbére fún Táyé.

"Bí o bá rí i," ó wí, "kó jẹ́ onínú kan o."

Bí èèyàn ṣe ń di àjèjì

N kò ní í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín lágara. Kí n kàn sọ ti èyí tó gbé wa kọjá Kútọnu. Bí wọ́n ti kó wa pọ̀ sínú rẹ̀, iṣu inú àpò mi gan-an fa apá mọ́ra. Ẹsẹ̀ kan wá ń yún mi. Mo họ ọ́, mo họ ọ́, kò dẹ̀. Ó pẹ́ kí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ ṣé o, bàbá. Ó ti tó." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ti ń họ láti ààlà.

Ohun tí mo rí ni pé èèyàn kì í di àjèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Kútọnu, wọ́n ṣì ń gbọ́ èdè wa. Ìyá kan tó ń dín àkàrà pè mí ní bàbá, ó fi ọ̀kan ṣe ènì fún mi. Nígbà tí a dé Lomé, ọ̀rọ̀ ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá mi ṣà á. Nígbà tí mo fi máa wọ Gánà, mo ti di odi. Èmi tí ẹ ní mo lè bá ògiri jiyàn kí ògiri tọrọ àforíjì.

Ẹ̀fọn Lomé pàápàá, Faransé ni wọ́n ń sọ. Wọn kì í já wọ ara èèyàn bíi tiwa. Wọ́n á kọ́kọ́ yí ọ po, wọ́n á kí ọ pé bọ̀sùwáà, wọ́n á dúró kí o dáhùn. Èmi kò mọ èsì, wọ́n sì kà á sí ìwọ̀sí.

Kámẹ́rà ọrùn mi ló wá di ẹnu mi. Mo ya ìyá kan tó ń yan ẹja létí òkun Gánà, mo fi ojú rẹ̀ hàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kígbe pe àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n tò, mo yà wọ́n, wọ́n fún mi ní ẹja títí mo fi ń lúwẹ̀ẹ́ lójú oorun. Ẹ má gbọ́ pé mo lọ wá onífíìmù kí ẹ rò pé mo kọ díjítà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọ̀nà ni. Kì í jẹ́ kí ebi pa olówó rẹ̀.

Omi kí ọ̀rọ̀ tó wá

Ilẹ̀ Kùmásì pọ́n bíi tiwa, ó ní òkè bíi tiwa, òjò rẹ̀ sì ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Aláta ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn ṣoṣo fún gbogbo ẹni tí mo pàdé, wọ́n sì ń nawọ́ síwájú, títí mo fi dé ojúlé Àlájà Sìdíkátù.

Ọmọ Òkè-Ọ̀pin, nítòsí wa níbí, ni bàbá Àlájà yìí. Aṣọ ló gbé lọ tà, ó sì fẹ́ ìyàwó ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, bàbá padà, ìyá kò tẹ̀ lé e, Àlájà, ọmọ wọn, dúró ti ìyá. Kò fojú kan ilẹ̀ wa rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ibi tí mo ti wá, ó fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ulé gan-an lẹ ti wá?"

Ẹ̀yin ará mi, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹni tó pe ilé ní ulé láìtijú. Yorùbá ilé-ìwé ni àwọn ọmọ wa fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Kùmásì ni mo dé kí n tó bá ẹnu ìyá mi pàdé. Mo fa iṣu kan yọ fún un. Kò wo bó ti tóbi tó. Ó gbé e sí imú, ó fa èémí, ó ní, "Òórùn aṣọ bàbá mi nìyí." Kò sì fi iṣu náà jẹun ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀. Orí àpótí ló gbé e sí.

Òun ló mú mi lọ sílé Papa Yaw. Àgbà onífọ́tò ni, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó kó àwọn kámẹ́rà rẹ̀ sí ṣì wà ní pálọ̀. Mo ti rí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí Àlájà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Níbẹ̀, àlejò kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. O máa bọ gbogbo ẹni tó wà ní ìjókòó lọ́wọ́, láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, bí ó tiẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó ń jẹ èékánná ló gbẹ̀yìn. O máa jókòó. Wọ́n á gbé omi wá. O máa mu ún. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní nǹkan kan. Ìgbà tí omi bá ti dé ikùn ni baálé yóò wá ní: níbí, àlàáfíà ni, ìwọ lo wà lẹ́sẹ̀ ìrìn, kí lo bá wá? Ó wù mí. Níbí tiwa, àlejò kò tíì bọ́ bàtà tí a ó ti máa bi í pé kí ló mú un wá, ta ló kú.

Ṣùgbọ́n èṣù lẹ́yìn ìbejì ni mí. Nígbà tó bi mí, mo tẹ́ àyà, mo ní onífọ́tò àwọn ọba ni mí, pé gbogbo ọba láti Kòró dé Ìlọrin ló wà lórí ìtẹ́ báyìí tí wọn kò lè dìde títí n ó fi dé láti wá yà wọ́n.

Àlájà wò mí. "Bàbá, ṣé kí n túmọ̀ ìyẹn?"

"Ẹ túmọ̀ rẹ̀."

Ó sọ gbólóhùn kékeré kan. Papa Yaw mi orí, ó sì tún bu omi fún mi.

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní ẹ ò tíì mu omi tán."

Mo mu ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni mo sọ òtítọ́: Táyé, Kẹ́hìndé, òrùlé tó ká, ọmọ orogún, ojú tó ń ṣú. Papa Yaw dìde, ó di kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lọ́rùn rẹ̀ mú, ó ní kí a padà wá ní òwúrọ̀, nítorí ohun tí èèyàn bá fi ikùn òfo yàn, ikùn ló yàn án.

Èyí tí wọn kì í jẹ lẹ́nu

Nítorí náà Àlájà fún mi ní fùfú. Kì í ṣe fùfú tiwa o. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gún pọ̀. Nílé, ọbẹ̀ ló ń lọ bá iyán. Níbẹ̀, inú ọbẹ̀ ni fùfú ń gbé, ó yọ orí sókè bí òkúta Òsì lákòókò òjò. Mo bù ú, mo ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń jẹun."

"Wọn kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ẹ gbé e mì."

Mo gbé e mì. Òkèlè náà ń lọ, ó ń dúró, ó ń kí ìfun mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbé mì ni mo wá gbádùn rẹ̀, nítorí ata ibẹ̀ dùn, ó sì ń ta èèyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo sọ fún Àlájà pé ó dára, ṣùgbọ́n kò dé iyán. Ó ní, "Bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi lọ, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú àwo rí."

Olójú-méjì àti ẹlẹ́nu gígùn

Ní òwúrọ̀, Papa Yaw ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn kámẹ́rà náà jókòó bí àwọn ìjòyè tí ọba wọn ti wàjà. Ọ̀kan mú mi lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: dúdú, ó ń dán, ó ní ojú méjì, ọ̀kan lórí èkejì, bí ọmọ lẹ́yìn ìyá. Mo gbé e. Ìbejì ni kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀. Mo ti rò ó tán: ojú òkè á mú Táyé, ojú ìsàlẹ̀ á mú Kẹ́hìndé, lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni yóò tún máa da arúgbó láàmú pé kó dìde, kó jókòó?

"Èyí ni," mo wí.

Àlájà túmọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí mo rò. Papa Yaw kò rẹ́rìn-ín. Ó gba kámẹ́rà náà, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi bébà fẹ́lẹ́ kan síbi tí fíìmù ń gbé, ó kọjú rẹ̀ sí fèrèsé. Mo rí fèrèsé lórí bébà, ó dorí kodò. Ó fi ọwọ́ bo ojú ìsàlẹ̀. Bébà ṣókùnkùn. Ó ṣí i, ó wá bo ti òkè. Fèrèsé wà níbẹ̀, kò yẹ̀.

"Ó ní ti òkè kò ya nǹkan," Àlájà wí. "Ó ní òǹwòran ni. Ìsàlẹ̀ nìkan ló ń jẹun."

"Kò burú. N ó fi ti ìsàlẹ̀ yà á lẹ́ẹ̀mejì."

Papa Yaw tẹ̀ ẹ́. Ó dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń fi oògùn lọ̀.

"Ó kọ̀," Àlájà wí. "Ó ní kò ní í ya ẹlẹ́ẹ̀kejì àfi bí ẹ bá yí fíìmù síwájú. Àwọn tó ṣe é, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí èèyàn má baà ṣèèṣì ya àwòrán méjì sórí ara wọn. Àṣìṣe ni wọ́n ń pè é."

"Àlájà, ẹ sọ fún un pé àṣìṣe yẹn gan-an ni mo wá rà."

Èyí ló pa Papa Yaw lẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá a lè tan olójú-méjì jẹ. Ó ní a lè tàn án, ṣùgbọ́n fíìmù lè yẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan á sì jókòó ga ju ẹnì kejì. Mo ro ìyẹn wò. Ẹ mọ̀ pé Táyé ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Bí mo bá jẹ́ kí Kẹ́hìndé jókòó nísàlẹ̀ àbúrò rẹ̀, ẹsẹ̀ ni Táyé máa ní kí n fi rìn padà sí Kùmásì.

Ó wá fa ọ̀kan jáde láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí páànù sàdíìnì ló rí. Ó tẹ ibì kan, ẹnu rẹ̀ gùn jáde bí ọrùn ahun, awọ ni ọrùn náà, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ níbi méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yí fíìmù rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ohun tó ń yàwòrán wà lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀. O lè yà lẹ́ẹ̀kan, o lè yà lẹ́ẹ̀mejì, ojú kan náà, fíìmù kò ní í mira.

"Ó ní èyí kò ní í ṣọ́ yín," Àlájà wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ara yín. Ó tún ní ọ̀kan ṣoṣo lòun lè tà fún ẹnì kan, àwọn mìíràn lè máa bọ̀ lọ́nà."

Ẹ wò mí bí mo ti dúró. Olójú-méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹlẹ́nu gígùn lọ́wọ́ òsì. Mo rí ara mi tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Òsì, olójú-méjì láyà, àwọn ọlọ́kadà ń dìde fún mi. Ta ni yóò dìde fún páànù sàdíìnì? Mo sì tún rí férémù tó kọjú sí ògiri.

Mo dá olójú-méjì padà. Ọwọ́ mi kò tètè kúrò lára rẹ̀. Àlájà ló bá mi ṣí ìka, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Ohun tí mo san, àárín èmi àti Papa Yaw ló wà. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ dúdú sẹ́yìn ẹni, kí ògiri má baà hàn gba ara èèyàn kọjá nínú àwòrán. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn, ó fi èyí tó ti bàjẹ́ kọ́ mi títí ọwọ́ mi fi mọ ọ̀nà láìsí ojú. Fíìmù kan ṣoṣo tó ṣì dára ló kù nínú fíríìjì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Ó fún mi.

Kí n tó lọ, ó ní kí n ya òun pẹ̀lú díjítà mi. Ẹni tó ti ya ìdajì Kùmásì, kò ní àwòrán ara rẹ̀. Ó wọ aṣọ, ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi hàn án.

Ó wò ó, ó sì sọ nǹkan kan pẹ̀lẹ́.

"Ó ní ó dára," Àlájà wí, "ṣùgbọ́n òun kò tíì jókòó tán."

Mo dúró títí ó fi jókòó tán. Mo tún yà á.

Ẹrù tí kò tíì bí

Ní ààlà, nígbà tí mò ń padà bọ̀, ọlọ́pàá kan tú àpò mi. Kò ní ìbínú nínú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó rí fíìmù náà nínú bébà rẹ̀. Ó ti fi èékánná mú etí bébà láti fà á ya. Ẹ rántí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó tán, òmíràn kò sì sí.

"Bàbá, kí ló wà nínú èyí?"

"Ìbejì ni."

Ó dúró. "Mélòó?"

"Ìbejì mélòó ni ìbejì máa ń jẹ́, ọmọ mi?"

"Ìyá wọn ńkọ́?"

"Ó wà ní Òsì. Mò ń gbé wọn lọ bá a. Wọn kò tíì bí wọn. Bí oòrùn bá rí wọn kí ọjọ́ wọn tó pé, oyún ti wálẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ tó ṣí i ni wọn yóò máa bi."

Ó gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin. Ó wò ó. Ó ní ìyàwó òun bí méjì lọ́dún tó kọjá, pé wọn kì í jẹ́ kí àwọn sùn. Ó wọ inú yàrá, ó mú bisikíìtì wá, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù náà, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn náà, èèyàn kì í bá ìbejì pàdé lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí n bá òun kí wọn.

Bisikíìtì náà, mo gbé e dé ilé. Mo jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ìdòwú ni mí, ó tọ́ sí mi.

Ìjókòó méjì

Táyé fi ọwọ́ gbá kámẹ́rà náà mú, ó tọ́ ẹnu gígùn rẹ̀ wò. "Ó burẹ́wà," ó wí. "Ó jọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́."

Mo ta aṣọ dúdú tí ìyàwó mi fi ṣọ̀fọ̀ sẹ́yìn ilé rẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sórí odó tí a dojú dé, mo fi òkúta há a. Táyé jókòó sápá ọ̀tún. Ó fajú ro bí ẹni tó wà ní kóòtù. Mo tẹ̀ ẹ́. Dídún rẹ̀ kò ju kí èèyàn pa ẹ̀gúsí kan lọ.

Ó dìde, ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó pẹ́. Mo dúró ti odó náà. Mo lé ewúrẹ́, mo lé àwọn aládùúgbò tó wá wòran, mo ní ẹni tó bá sín, èmi àti rẹ̀ ni. Ìdajì wọn ti wà nínú òkùnkùn níbẹ̀, ó ń dúró de ìdajì kejì.

Ìgbà tó jáde, gèlè mìíràn ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ náà yàtọ̀. Ó ń fi ara ṣeré. Ó jókòó sápá òsì, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ta nìyí?" ó bi mí, bí ẹni tí kò rí mi rí.

Mo rò pé àwàdà ni. "Ìdòwú ni mí, mà."

"Ìdòwú. Ìwọ ni wọ́n ní o máa ń purọ́."

"Díẹ̀díẹ̀ ni, mà."

Mo dúró títí ó fi jókòó tán, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Inú balùwẹ̀ ni mo ti fọ fíìmù náà, mo fi aṣọ dí gbogbo ihò. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí bóyá ẹran ni mò ń pa. Nígbà tí mo gbé e jáde sí oòrùn, dúdú ti di funfun, funfun ti di dúdú lára rẹ̀, bó ti yẹ kó rí. Àwọn obìnrin méjì wà níbẹ̀, wọ́n jókòó dọ́gba. Mo gbé e lọ sí Ìlọrin kí wọ́n bá mi sọ ọ́ di ńlá, kí wọ́n sì fi sínú férémù onígíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ńlá. Ọmọ lè lọ rán aṣọ ní Ìlọrin, kò yí inú tí wọ́n ti bí i padà. Ẹ má kàn sọ fún Táyé.

Ó gba àwòrán náà, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, ó súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Kò wo ara rẹ̀ rárá. Ìka rẹ̀ kọjá lórí ìyẹn, ó dúró sórí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ bó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ó ti hewú," ó wí.

Mo na ọrùn wo ibi tí ìka rẹ̀ wà.

"Kẹ́hìndé ti hewú. Ara ògiri ló wà láti ọjọ́ yìí, ọmọge ni. Mo ń jí lójoojúmọ́, mo ń rò pé èmi nìkan ni mò ń darúgbó." Ó fi etí ìró nu ojú gíláàsì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí. Ó wá rí mi pé mo ṣì dúró.

"Kí lo dúró ń wò? Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí. Kí i."

Ẹ̀yin ará ilé, orúnkún mi méjèèjì ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó sì ti pẹ́ tí èèyàn alààyè ti rí mi nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀ Táyé, n kò sì gbé orí sókè.

Lókè orí mi, ó ń tẹ́tí, bí ẹni tí Kẹ́hìndé ń bá sọ̀rọ̀.

"Ó ní o káàbọ̀," Táyé wí. "Dìde."